Ohun Tó Wà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá gba títì Akówónjo ní Èkó kọjá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, láti abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ẹgbẹ́dá, yóò gbọ́ ọkọ̀ kó tó rí i. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni mò ń sọ o, wúfà ni. Àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ràn kí nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ máa gbọ̀n rìrìrì, kí gíláàsì fèrèsé àwọn ará ilé sì máa dá a lóhùn. Iṣẹ́ rewáyà, ìyẹn iná ọkọ̀, ni mò ń ṣe ní àdúgbò yìí, ọwọ́ mi sì wà nínú díẹ̀ lára àwọn ariwo náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ló dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ ọ̀hún, ariwo kọ́. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló wà, níbi tí ojú oníbàárà kì í dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé ańpílífáyà dé láti ọjà Alábà, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fọwọ́ ara mi so ó. Ẹ ṣáà máa wò mí.” Inú mi máa ń dùn sí irú wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mò ń ba ọjà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé bọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní bá mi jà lórí owó iṣẹ́ mọ́ láéláé.

Mo máa ń bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n kọ sára páálí. Á ní 2,000 wáàtì. Màá ní kó yí páálí padà, kó wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí. Ìyẹn ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa gbé jáde láìsinmi. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ síwájú kì í sábà ju ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, òmíràn ò tilẹ̀ ju ẹnu ọlọ́jà lọ. Ká ní RMS rẹ̀ jẹ́ 300. Ańpílífáyà tí wọ́n ń pè ní class AB máa ń sọ nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún iná tó bá gbà di ooru, nítorí náà á gba nǹkan bí 500 wáàtì lọ́wọ́ bátìrì kó tó lè gbé 300 jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fóltì inú ọkọ̀ sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.4. Ẹ pín 500 sí ọ̀nà 13.5, ẹ ó rí 37 áńpíà. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ fi ra wáyà, ẹ má fi ti ẹni tó ń tà á ṣe. Ọjà kún fún wáyà tí rọ́bà rẹ̀ sanra, tí inú rẹ̀ tín-ín-rín, àti èyí tí wọ́n kàn fi kọ́pà bo alumíníọ̀mù lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, kò lè gbé iná tó kọ́pà gidi.

Fíúsì ló kàn. Ní 1930, Paul Galvin ní Amẹ́ríkà so rédíò mọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, ó sì wà á lọ síbi ìpàdé àwọn oníṣòwò rédíò ní Atlantic City. Rédíò yẹn ló wá ń jẹ́ Motorola. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ó so irú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì kan tí Galvin fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀, ni ọkọ̀ bá gbiná. Bóyá wọ́n ti bu iyọ̀ sí i, èmi ṣáà máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ọmọ kan bá ní fíúsì ti wà lára ańpílífáyà, kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe. Ìyẹn ń ṣọ́ ańpílífáyà. Ta ló ń ṣọ́ wáyà? Bí rọ́bà wáyà bá bó níbi tó ti gba ara irin ẹ́ńjìnnì wọlé, tó sì kan bọ́dì, bátìrì á da gbogbo agbára rẹ̀ sínú wáyà náà. Fíúsì tó wà nínú bọ́ọ̀tù kò ní mọ nǹkan kan. Nítòsí bátìrì ló yẹ kí fíúsì kejì, ti 40 áńpíà, wà, kó má jìn ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Wáyà dúdú kúkurú lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iná tó gba wáyà pupa wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà, torí náà dúdú gbọ́dọ̀ sanra tó pupa, ibi tó sì ti fẹ́ kan bọ́dì gbọ́dọ̀ jẹ́ irin gidi. Ní tiwa níbí, wàhálà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ tó ń rìn ní Alímọ̀ṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ pánẹ́lì-bítà rí. Ẹ lè ha ọ̀dà, kẹ́ ẹ tún kan ọ̀dà mìíràn, kẹ́ ẹ wá kan pọ́tì tí wọ́n fi dí ojú ibi tó tẹ̀, kẹ́ ẹ tó rí irin. A óò ha á títí á fi dán, a ó de é pinpin, a ó wá fi gíríìsì bò ó nítorí ìpẹtà. Bí kò bá mú dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohùn kan bí ẹ̀fọn nínú sípíkà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹná ni yóò máa ga sí i. Ohùn yẹn kan náà lè jáde bẹ́ ẹ bá fa wáyà iná àti wáyà ohùn pọ̀. Kí ọ̀kan gba apá òsì, kí èkejì gba apá ọ̀tún.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí mi ò ní fi yín jókòó lé lórí. Ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kóòdù rédíò ṣáájú bó bá jẹ́ Honda. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ìyeyè ti áàbáàgì. Búlúù tó ní ìlà funfun lẹ́yìn rédíò ló ń jí ańpílífáyà. Bẹ́ ẹ bá fi wáyà tó wá tààrà láti bátìrì rọ́pò rẹ̀, ańpílífáyà kò ní sùn, kílẹ̀ ó sì tó mọ́, bátìrì lè ti kú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ni mo máa ń fi dán an wò, Oroki Social Club tó jáde ní 1971. Kò sí gìtá tó máa bo àṣírí níbẹ̀. Agídìgbo ń kùn nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣán lókè, ìlù ń pe èèyàn lórúkọ láàárín. Bí ọwọ́ wáyà sípíkà kan bá yí sódì, ọ̀kan á máa tì síwájú bí èkejì ti ń fà sẹ́yìn, agídìgbo ló sì kọ́kọ́ máa ń sọnù. Bátìrì kékeré 1.5 fóltì ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: mo fi kan ẹnu wáyà fẹ́ẹ́, bí páálí sípíkà bá ta síta, ọwọ́ náà tọ́.

Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí wọ́n kọ GAIN sí. Gbogbo wọn ló máa ń sáré yí i dé òpin, wọ́n rò pé fólúùmù ni. Ìwọ̀n tí ańpílífáyà fi ń gba ohùn lọ́wọ́ rédíò ni. A ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá, a ó gbé rédíò dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a ó wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi fẹ́ ya, ká tó dá a padà díẹ̀. Ìlù wa ń fi òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá ti ya, oríkì dariwo nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n ń kì mọ́.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà á ti ní òun fẹ́ fi wúfà kejì kún un. Màá ní kó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ lọ sí Ìkòtún nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́, kó máa gbọ́ orin rẹ̀ lọ, bó bá sì padà, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó fọwọ́ kan ilé fíúsì bóyá ó gbóná.