Ásíìdì Massart

Ọ̀gá ni René Massart jẹ́ fún gbogbo àwa tí a ń po omi òòfà, ìyẹn ohun olómi tí hóró kéékèèké tí òòfà ń fà wà nínú rẹ̀. Kí ó tó dé, ọ̀nà tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ni ti Steve Papell, òṣìṣẹ́ NASA, tó lọ magnetite, irú òkúta irin kan tí òòfà ń fà, kúnná nínú kẹrosíìnì ní 1963, kí epo rọ́kẹ́ẹ̀tì lè máa tẹ̀ lé òòfà níbi tí nǹkan kò ti ní ìwúwo. Ásíìdì ọ̀lẹ́ìkì ni Papell fi ṣe aṣọ fún hóró kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Ní 1981, ní Paris, Massart bọ́ aṣọ náà dànù. Omi ni ó lò dípò epo, ásíìdì tàbí álíkálì lásán ni ó sì fi mú hóró náà dúró. Ẹwà iṣẹ́ yìí kò tíì ṣá lójú mi. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé nọ́ḿbà pH, òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi, nìkan kò tó í fi mọ̀ bóyá omi òòfà yóò dúró.

Mo fo ìgbésẹ̀ tí a ti ń fi amóníà àti iyọ̀ irin ṣe hóró náà. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀. Hóró náà kò ju nǹkan bí 10 nánómítà lọ. Nínú ásíìdì, ojú rẹ̀ a máa gba háídrójìn mọ́ra, yóò sì ní ṣáàjì pọ́sítíìfù. Nínú álíkálì, yóò sọ háídrójìn nù, ṣáàjì rẹ̀ yóò sì di nẹ́gátíìfù. Àwọn tí ṣáàjì wọn bá jọra a máa ti ara wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí pH bá súnmọ́ 7, ṣáàjì tán nìyẹn: hóró yóò ṣùpọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò silẹ̀, omi òkè yóò sì tòrò.

Ẹnìkan lè ní, ‘Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká sáà wọn pH, ká gbé e sí 2, ó tán.’ Kò tán o. Ẹ fi ásíìdì náítríìkì gbé ọ̀kan sí 2, kí ẹ fi ti sọ́fúríìkì gbé èkejì síbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ yóò dúró, èkejì yóò ṣùpọ̀, nítorí súlífééètì a máa rọ̀ mọ́ ojú hóró, a sì máa pa ṣáàjì rẹ̀. Bákan náà ni ní ìhà álíkálì: Massart lo tetramethylammonium, nítorí sódíọ̀mù a máa mú kí hóró ṣùpọ̀. Àwọn kan tó ń fi omi òòfà ṣeré a máa ra ti sódíọ̀mù nítorí ó rọjú; bí hóró bá wá ṣùpọ̀, wọn a máa dá òòfà lẹ́bi. Àṣejù ásíìdì náà kò dára. Ẹ̀yà oníṣáàjì tó bá pọ̀ jù nínú omi a máa dín agbára ìtìsẹ́yìn náà kù, ásíìdì tó bá sì le jù yóò yọ́ hóró fúnra rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń ṣe omi òòfà fún ìṣègùn: ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà ní nǹkan bí 7.4, ibẹ̀ gan-an ni hóró lásán kì í ti í dúró. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sítíréètì bo ojú hóró, kí ó lè ní ṣáàjì nẹ́gátíìfù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ásíìdì Massart ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: a ó da sítíréètì sí i, hóró yóò ṣùpọ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tún tú u ká nínú omi tí pH rẹ̀ súnmọ́ 7. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ìfọ̀ yẹn yóò fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú omi, iyọ̀ náà yóò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ohun yòówù kí mítà pH sọ. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa ná, kí ẹ tó gbé mítà.