Ta Ni Sẹ̀gílọlá? Lẹ́tà Tó Sọ Òǹkàwé Di Ẹgbẹ́

Ẹ bi àwa tí à ń kọ kóòdù ní Yaba pé kí ló ń sọ àwọn tí ò mọra rí di ẹgbẹ́. Kíá la máa ní ẹ̀rọ ni: ẹ ṣe áàpù tó yá, kí dátà má wọ́n, àwọn èèyàn á péjọ. Irọ́ kọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò pé. Áàpù tó yá tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Bẹ́ẹ̀, ní 1929, ìwé ìròyìn kan l'Ékòó fi bébà àti tàdáwà lásán ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì rí ṣe. Ìtàn ọ̀hún la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, torí pé ó dùn, àti torí pé ó níbi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Isaac Babalọlá Thomas ló dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá mìíràn ti wà lórí àtẹ nígbà yẹn: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn sì tẹ̀ lé e ní 1923. Kí wá ni Akéde Èkó máa fi mú òǹkàwé? Ní oṣù keje 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gílọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní òun lẹ́wà nígbà kan, òun jayé l'Ékòó, ọkùnrin ò sì tó nǹkan lójú òun. Ní báyìí àìsàn ti gbé òun dè, owó ti tán, òun sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹta 1930. Ọdún yẹn náà ló di ìwé. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn Sẹ̀gílọlá, ọ̀pọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ l'édè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà.

Ẹ wo bó ṣe hun ún. Àkọ́kọ́, Sẹ̀gílọlá fi orúkọ rẹ̀ gan-an pa mọ́. Ó júwe ara rẹ̀ débi pé èèyàn á rò pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì júwe débi tí ẹnikẹ́ni fi lè búra. Ẹ̀ẹ̀kejì, orin kún inú ìtàn náà: orin tí ìgboro Èkó ń kọ láyé ọjọ́un, àti orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó dàgbà l'Ékòó ò lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má bá a gbé e. Tó bá sì ti rántí orin, ó ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò rò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Á sọ díẹ̀, á dúró, kí àwọn èèyàn lè ráyè jiyàn kí ìyókù tó dé.

Wọ́n sì jiyàn lóòótọ́. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí Akéde Èkó, Thomas sì ń tẹ̀ wọ́n jáde. Àwọn kan ń bá obìnrin náà kẹ́dùn, àwọn kan ń dúpẹ́ ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn, ẹnì kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Owó gidi o, fún ẹni tí kò sí! Ní 2012, Karin Barber tún ìtàn náà gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì rí i níbẹ̀ pé ìtàn náà nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa gbọ́ ẹnì kan ṣoṣo, síbẹ̀ èrò ìwòran ni wọ́n ṣì jẹ́. Ọjọ́ tí òǹkàwé kan rí lẹ́tà òǹkàwé kejì nínú Akéde Èkó, tó ní "ṣebí ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí," ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwa oníkóòdù mọ irú nǹkan báyìí. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux síta nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù rẹpẹtẹ lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ló bá a tún un ṣe. Ká ní ó dúró títí ó fi pé pérépéré ni, àwọn èèyàn ì bá kàn máa lò ó ni, kò ní í di tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀. Kí ni ẹgbẹ́ yìí péjọ lé lórí? Obìnrin aláìsàn kan tó ń bú ara rẹ̀ ni, ọkùnrin ló sì ń fi èébú náà sí i lẹ́nu. Nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún ọkọ yẹn, Thomas ò ní kí ẹyọ kan wá kọ lẹ́tà ìrònúpìwàdà tirẹ̀. Òǹkàwé gbádùn fàájì Sẹ̀gílọlá tán, ó tún gbádùn bó ṣe ń jìyà rẹ̀, ọwọ́ òun sì mọ́. Lójú tiwa, ibi tí ìtàn náà ti dùn jù ni ibi tí Sẹ̀gílọlá ti gbàgbé pé òun ń ronú pìwà dà, tí ayé àtijọ́ wá ń pa á lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti dà bí èèyàn. Níbi ìwàásù, ohùn Thomas la máa ń gbọ́.

Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ dúró nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gba tàbí Mushin láàárọ̀, ẹ óò rí àwọn tó ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí jiyàn bí ọmọ ìyá. Òùngbẹ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ò tíì tán nílùú yìí. Àwa tí à ń kọ Yorùbá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ń kọ ọ̀rọ̀ tó dán bíi dígí, tí òǹkàwé ò ní ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ láti sọ sí i. Àwọn mìíràn mọ̀ pé tí wọ́n bá ti lé obìnrin kan sójú agbo, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, èrò á dé kíákíá. Ọ̀nà kejì yẹn, Sẹ̀gílọlá ti rìn ín ṣáájú wọn.

Ọgbọ́n Thomas ni ká mú, ká fi ẹran ẹbọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ òkè lẹ fẹ́ràn, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, fíìmù àtijọ́ tàbí kóòdù, ẹ kọ ibi tí ẹ mọ̀ ọ́n dé, kí ẹ bèèrè ìyókù tọkàntọkàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí èdè yìí ní ẹgbẹ́ lọ́la, kó kọ ohun tí ẹlòmíì lè dá lóhùn, kó sì tẹ ìdáhùn náà jáde, bí ìdáhùn ọ̀hún ò tilẹ̀ yìn ín.