Káàdì Ọdún Àfọwọ́ṣe: Ọwọ́ Ti Dé Ara Páálí, Kò Tíì Dé Ara Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ káàdì ọdún ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé o. Èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni mo ní lọ́kàn: páálí tí wọ́n ká sí méjì, àǹkárá tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn, rìbọ́ọ̀nù, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, àti ìkíni tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Mo ti gba díẹ̀ nínú wọn, mo sì ti wo púpọ̀. Kí n má fi ìdájọ́ mi pa mọ́: iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ dáa, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni kò tíì dáa tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ kí n yìn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í lo pépà ìkọ̀wé lásán, tó jẹ́ gíráàmù 80 ní mítà kan níbùú lóròó. Páálí tó tó gíráàmù 250 ló ń lò, torí òun ló lè gbé aṣọ àti gọ́ọ̀mù láì wọ́. Á fi rúlà àti bíró tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sí ibi tó fẹ́ ká, kí ojú rẹ̀ má baà sán. Á fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ pa ẹ̀yìn aṣọ kó tó gé e, kí etí aṣọ má baà máa tú. Páálí A4 kan tí wọ́n bá ká sí méjì á di káàdì kan tó ṣeé gbé sórí tábìlì. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tó ń lo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bátànì àdìrẹ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó lórúkọ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Ẹni tó bá lẹ ègé Ìbàdàndùn mọ́ káàdì ọmọ Ìbàdàn tó wà ní London ti kí onítọ̀hún kó tó mú bíró rárá. Àrokò ni ìyẹn jọ. Ṣé ẹ rántí pé àwọn baba wa máa ń so owó ẹyọ mọ́ okùn ránṣẹ́: mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tó bá ní nǹkan òyìnbó ni káàdì, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ká fọwọ́ ṣe ohun tó máa jíṣẹ́ fún wa, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa.

Ó dáa, ẹ wá ṣí káàdì náà. Kí la bá nínú ẹ̀? “Mo fẹ́ kí o ní Kérésìmesì aláyọ̀ àti ọdún tuntun aláásìkí.” Gírámà rẹ̀ ò burú. Àmọ́, ta ló ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀ nílé wa? Ẹ wọ ilé ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ ọdún kí ẹ sọ ọ́, wọn á ní ṣé ara yín yá.

Ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá kò fara sin. Ní London, lọ́dún 1843, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Cole, kò sì ráyè kọ lẹ́tà ìkíni sí gbogbo ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ sí. Ó ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì kan fún òun, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń ta ẹyọ kan ní ṣílè kan. Àlàfo wà lókè fún orúkọ ẹni tí wọ́n ń kí, àlàfo wà nísàlẹ̀ fún orúkọ ẹni tó ń kíni. Ọ̀rọ̀ àárín ti wà nílẹ̀, ọ̀kan náà fún gbogbo ayé. Lọ́dún 1843 yẹn kan náà, ní London yẹn kan náà, ni wọ́n tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe. Ìyẹn ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti wà lórí pépà. Kò sídìí tó fi yẹ kó máa yá ẹnu ẹlòmíì kíni.

Cole ṣe káàdì tirẹ̀ kó lè dín iṣẹ́ kù. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ gé àǹkárá, tó wá fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò ráyè sínú rẹ̀, ìdajì káàdì ló fọwọ́ ṣe.

Èdè wa ní bátànì tirẹ̀. Ìkíni Gẹ̀ẹ́sì orí káàdì ń wo ohun tá a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. “Ẹ kú” ní tirẹ̀ ń wo ipò tí èèyàn wà báyìí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú òtútù, ẹ kú ọdún. Ó ń sọ pé mo rí ọ, mo mọ ohun tí ò ń là kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àdúrà ń tẹ̀ lé: ọdún á yabo, ìyẹn ni pé kó tutù, kó má yakọ, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Torí náà, kò sí bí ìkíni kan ṣoṣo ṣe lè bá gbogbo èèyàn mu. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń bẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń bẹ, ẹni tá ò rí láti ọdún mẹ́ta ń bẹ. Káàdì ilé ìtẹ̀wé ò lè mọ̀ wọ́n. Ẹni tó fọwọ́ ṣe káàdì mọ̀ wọ́n, kí ló wá dé tó dákẹ́?

Àléébù mẹ́ta míì wà tí mo máa ń rí. Àkọ́kọ́, wọ́n á kọ “Ẹ KÚ” gàdàgbà síwájú káàdì, wọ́n á da nǹkan dídán lé e, wọ́n á wá fi “ỌDÚN” sínú. Ẹ gbà mí o! “Kú” ìkíni àti “kú” tó ń múni lọ sọ́run, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìtumọ̀ kejì. Ẹ gbọ́ bí ẹnu ṣe ń so wọ́n pọ̀: ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ẹ má fi ojú ìwé yà wọ́n.

Ìkejì, lẹ́tà àlẹ̀mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà, lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ẹ̀. C, Q, V, X àti Z ò wúlò fún wa, Ẹ, Ọ àti Ṣ ò sì sí níbẹ̀. Àwọn kan á wá kọ “OKO MI OWON” ránṣẹ́. Ṣé ọkọ ni, àbí ọkọ́, àbí oko, àbí ọkọ̀ tó ti wọ́n lójà? Ìṣòro yìí ń da kọ̀ǹpútà pàápàá láàmú: ẹ àti ọ wà lódindi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì ohùn orí wọn dá dúró ni, àwọn lẹ́tà ológe kan sì máa ń sọ ọ́ nù sí ẹ̀gbẹ́. Bíró ò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í tọ́ àmì sókè, ẹ fi í tọ́ àmì sísàlẹ̀, ó parí.

Ìkẹta ló ká mi lára jù. Ọmọ á kọ̀wé sí ìyá ìyá rẹ̀ pé, “Màmá àgbà, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.” Rẹ, kẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìwọ àti ẹ̀yin, ọmọ náà sì túmọ̀ ohun tó rí. Kò mọ̀ pé òun ti pe àgbà ní ìwọ.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín máa fún mi: “Prof, ọmọ tó wà ní Houston tàbí Peckham gbìyànjú pé ó kọ Yorùbá rárá, ẹ má fi àmì àti ọ̀wọ̀ dẹ́rù bà á.” Mo gbọ́. Àmọ́, ẹ rò ó wò. Fún ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé gbólóhùn orí káàdì yẹn nìkan ni Yorùbá tó máa fọwọ́ kọ láàárín ọdún kan. Tí ọ̀kan ṣoṣo yẹn bá tún jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá, kí ló kù? Gbólóhùn tó péye ò gùn ju èyí tí kò péye lọ. Ẹ wò ó:

Sí ìyá àgbà: “Ẹ kú ọdún Kérésìmesì, màmá. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ ó ṣe púpọ̀ ọdún láyé.”

Sí ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nígbà Iléyá: “O kú ọdún, o kú ewu ọmọ. Ní Iléyá tó ń bọ̀, ọmọ á ti léyín tó máa fi jẹran.”

Sí aládùúgbò tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí: “Ẹ kú ọdún, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn bàbá á dáa.”

Kò sí ilé ìtẹ̀wé tó máa tẹ èyí kejì fún yín, torí kò mọ̀ pé ọmọ ọ̀rẹ́ yín ò tíì léyín.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin òbí tó jókòó ti ọmọ pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta lò ń kí? Ṣé àgbà ẹ ni àbí ẹgbẹ́ ẹ? Kí ló ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí? Ìdáhùn wọn ni ọ̀rọ̀ inú káàdì. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó wá gé àǹkárá.

Àṣèyíṣàmọ́dún o.