Ọmọ Tí Kò Lórúkọ Nídìí Àràbà: Àyẹ̀wò Ìwé The Great Kapok Tree

Igi tí Lynne Cherry fi ṣe àkọlé ìwé The Great Kapok Tree kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àràbà ni. Ó ń hù ní ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà, ó sì ń hù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; orúkọ rẹ̀ náà ni oyè olórí àwọn babaláwo ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1990 ni ìwé àwòrán yìí jáde fún àwọn ọmọdé. Inú ẹgàn Amasónì ní Bùràsíìlì ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé.

Ọkùnrin méjì wọ igbó. Èyí tí ó sígbọnlẹ̀ jù na ìka sí àràbà kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èkejì fi àáké gé igi náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, oorun sì gbé e lọ. Òjòlá, oyin, ọ̀bọ, àkèré àti àwọn ẹranko mìíràn wá ń sọ̀rọ̀ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọmọ Yanomami kan kúnlẹ̀ tì í, tí ó sì bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà jí, ó gbé àáké, ó ṣiyèméjì, ó jù ú sílẹ̀, ó sì lọ.

Àwòrán inú ìwé náà dára púpọ̀. Kò yẹ kí a fi èyí du Cherry. Orí ọmọ náà ni ẹjọ́ wà. Ọ̀bọ ní ìdí tí ó fi ń bẹ̀bẹ̀: bí a bá gé igi tán, ọ̀gbàrá yóò wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọmọ yìí kò ní ìdí kankan láti sọ. Kò ní orúkọ, kò ní ìyá, kò ní abúlé. Ìlà àwọn ẹranko ni a tò ó sí. Bẹ́ẹ̀ àwọn Yanomami ń dá oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá nínú igbó náà. Onílẹ̀ ni wọ́n.

Ní òpin àwọn ọdún 1980 gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakùsà wúrà ti ya wọ ilẹ̀ wọn, ibà àti oró mẹ́kúrì sì tẹ̀lé wọn. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ létí ẹni tí ó sùn ni ó mú kí ìjọba Bùràsíìlì fọwọ́ sí ààlà ilẹ̀ náà ní 1992. Àwọn Yanomami fúnra wọn, Davi Kopenawa pẹ̀lú wọn, jà fún un ní gbangba. Cherry kò ṣàìmọ irú ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí Chico Mendes ni ó fi ìwé náà rántí, ẹni tí ń kọ rọ́bà, tí wọ́n yìnbọn pa nílé rẹ̀ ní December 1988. Ọlọ́sìn màlúù kan àti ọmọ rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀. Yorùbá ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ọkùnrin tí ó na ìka sí igi kò padà wá mọ́ nínú ìtàn, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè. Ó lè rán ẹlòmíràn lọ́la.

Òbí Yorùbá tí ó bá ń ka ìwé yìí fún ọmọ rẹ̀ ní Atlanta kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó ibẹ̀ kì í ṣe ẹgàn bíi ti Amasónì. Weelaunee ni orúkọ Muscogee fún odò South River àti igbó rẹ̀. Àdéhùn Indian Springs ti 1821 gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Muscogee. Ní àwọn ọdún 1830, wọ́n lé wọn lọ sí ibi tí ó di Oklahoma. Ní September 2021, ìgbìmọ̀ ìlú Atlanta fọwọ́ sí i pé kí a fi apá kan igbó náà kọ́ ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Kí ọdún náà tó parí, àwọn Muscogee kan ti padà wá jó ijó ìbílẹ̀ wọn nínú igbó náà.

Ẹni tí yóò bá túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá yóò bá ohun kan pàdé tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́. Ṣé “ẹ” ni ọmọ náà yóò lo fún ọkùnrin aláàáké ni, àbí “o”? Ọmọ Yorùbá kì í pe àgbà ní “o”, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí ìkíni. “Ẹ” tí a lò láìronú lè sọ onílẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀ níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005: èèwọ̀ ni láti gé igi, láti pẹja tàbí láti ṣọdẹ níbẹ̀. Ọmọ Òṣogbo tí ó bá bá aláàáké nínú igbó náà lè kúnlẹ̀, kí ó sì lo “ẹ”, síbẹ̀ “a kì í gé e” ni yóò wí, kì í ṣe “ẹ jọ̀ọ́”. Olùtumọ̀ kò láṣẹ láti fi gbólóhùn yẹn kún ìwé ẹlòmíràn. Olùkọ́ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ohun tí àwọn ì bá sọ, àti ẹni tí wọn ì bá sọ ọ́ fún.