Ohun Tí Ìlù Ń Sọ Nínú Àwo Àtijọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, láti Kétu dé Ṣàkété, láti Sábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi aṣọ bò. Kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé e dànù. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn àwo orin wà, páálí wọn ti ń jẹrà létí, orúkọ baba onílé sì hàn lára wọn, bíírò ni ó fi kọ ọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nílé àwọn òbí tiwa náà. Láìpẹ́ yìí ni a ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, a pààrọ̀ róbà tó ń yí i, a ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i, a sì gbé àwo lé e. Ohun tí a gbọ́ ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí.

A mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti sú àwọn kan. Nígbàkigbà tí àgbàlagbà bá ti ní orin ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń sunkún, kì í ṣe orin. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ orin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́. Ìbéèrè wa nìyí: yàtọ̀ sí pé ó ń rán wa létí ilé, kí ni àwo àti ẹ̀rọ àtijọ́ ń fún olùgbọ́, tí olùgbọ́ òde òní ti sọ nù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Orin ìgbà èwe tiwa kò sí nínú àwo. Ọmọ kàsẹ́ẹ̀tì ni wá. Kàsẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963 ni ó gbòde nígbà tí à ń dàgbà. Àdàkọ inú àdàkọ ni a ń rà lọ́jà, ohùn wọn ń kùn bí agbo oyin, bí ẹ̀rọ bá sì jẹ okùn inú wọn, bíírò ni a fi ń ká a padà. A fẹ́ràn àwọn kàsẹ́ẹ̀tì náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ wa kò sọ ohùn tó bàjẹ́ di ohùn tó dára. Bí a bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn lónìí, ìgbà èwe wa ni à ń gbọ́. Orin fúnra rẹ̀ ti sá pamọ́ sẹ́yìn ariwo. Àwo tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀.

Àpótí àwo ilé wa jẹ́ àpótí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ààlà. Apá kan wá láti Èkó: Hárúnà Ìṣọ̀lá alápàlà, Yusuf Ọlátúnjí onísákárà, I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé onijùjú. Apá kejì jẹ́ ti Kútọnu: Gnonnas Pedro àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Dadjes, pẹ̀lú Orchestre Poly-Rythmo tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968. Albarika Store, ilé-iṣẹ́ Adissa Seidou ní Kútọnu, ni ó gbé púpọ̀ nínú àwo Poly-Rythmo jáde. Èdè Fọ̀n ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú orin wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìlù Sakpata sábẹ́ gìtá, òrìṣà tí wọ́n sì ń pè ní Sakpata ni àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná. Àwọn baba wa kò pín àpótí náà sí méjì. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàrin wa kò dé inú rẹ̀.

Ohun kìíní tí ẹ̀rọ náà kọ́ wa ni gígùn orin. Àwo ńlá, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní trente-trois tours, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948. Kí ó tó dé, ojú àwo kan kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Àwo ńlá yìí sì lè gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan. Òde àríyá wa kò mọ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Onijùjú lè kọrin láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó máa ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ kí ìlù dákẹ́. Nígbà tí Obey àti Sunny Adé rí 20 ìṣẹ́jú gbà, ńṣe ni wọ́n gbé ìṣe òde àríyá wọnú àwo. Páálí á to orúkọ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, odò kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́ tó ń ṣàn títí dé òpin.

Lórí tẹlifóònù, wọ́n ti gé odò yìí sí ìkòkò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa a gbọ́ ìṣẹ́jú méjì tó dùn jù, á sì fò lọ sórí òmíràn. Ó gbọ́ ibi tí orin dé, kò gbọ́ ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ètò wà nínú iṣẹ́ náà: akọrin a júbà, a kí àwọn tó pè é, a gbani níyànjú, lẹ́yìn náà ni yóò fàyè sílẹ̀ fún onílù. Ẹni tó bá já wọlé ní àárín dà bí ẹni tó dé ibi ìgbéyàwó nígbà tí wọ́n ń fọ abọ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn fò bẹ́ẹ̀. A ó jókòó. Bí ojú kan bá parí, a ó dìde, a ó yí àwo padà. Ìnira kékeré yìí ni ó sọ gbígbọ́ di iṣẹ́ tí a ń fi ọkàn ṣe.

Ohun kejì wúwo ju èyí lọ. Nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹni tó kú ní 1983, kò sí gìtá, kò sí fèrè òyìnbó. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo ni. Agídìgbo ni ó gbé ìsàlẹ̀ orin ró, ìlù sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. A gbé àwo àpàlà kan lọ sí kíláàsì. A kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ orin náà láti ẹnu tẹlifóònù lásán. A bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan ń kọrin, àwọn kan ń gbè é, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì pọ̀. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan agídìgbo. Lẹ́yìn náà ni a gbé àwo lé ẹ̀rọ, pẹ̀lú baffle méjì tí ó ga dé orúnkún. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn fi nawọ́ sókè, ó ní: «Monsieur, ìlù yẹn ń pe ẹnì kan.» Kò mọ ẹni tí ìlù ń pè, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ni.

Èyí kì í ṣe idán. Ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀: igbá kì í ṣe igba, ìgbà kì í ṣe ìgbá. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yìí ni onílù ń tẹ̀ lé. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá rẹ̀, gbólóhùn náà á di àlùkù. Ẹnu tí ohùn ń gbà jáde lára tẹlifóònù kéré ju èékánná lọ. Kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀, nítorí náà ìró tó rẹlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Agídìgbo á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, apá kan ọ̀rọ̀ ìlù á sì bá a lọ.

A kò gbọdọ̀ parọ́ lórí èyí. Nígbà tí a so tẹlifóònù kan náà mọ́ baffle méjèèjì, agídìgbo padà wá, ìlù sì tún ń pe ẹni tó ń pè. Àwo kò ní agbára ìyanu kankan. Kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀rọ ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ohun tó mú un wá ni fífẹ̀ ẹnu tí ohùn gbà jáde, àti ìjókòó jẹ́ẹ́ àwọn tó ń gbọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n sọ ẹ̀rọ àtijọ́ di òrìṣà. Wọ́n á fi gbogbo alẹ́ sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti ampli, wọ́n mọ iye wáàtì rẹ̀, wọn kò mọ orúkọ onílù kan ṣoṣo. Irú wọn ń gbọ́ ẹ̀rọ, wọn kò gbọ́ orin. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tí wọn kò tètè pààrọ̀ pàápàá ń ha ojú àwo, á sì ba ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn jẹ́.

Àléébù kan tún wà tí a ti ń ká mọ́ àwọn orin náà lọ́wọ́ láti ìgbà pípẹ́: ìyìn olówó pọ̀ jù nínú wọn. A ti sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé bí a bá yọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ kúrò, ojú àwo mìíràn á ṣófo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Láti nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn ni ilẹ̀ òkèèrè ti ń rántí àwo wa ṣáájú wa. Ilé-iṣẹ́ Soundway ní Ìlú Ọba kó orin Poly-Rythmo jọ ní 2004. Analog Africa ní Jámánì gbé The Vodoun Effect jáde ní 2008 àti Echos Hypnotiques ní 2009. Ẹgbẹ́ náà tún kó ara wọn jọ, wọ́n rìnrìn àjò lọ kọrin ní Yúróòpù, wọ́n sì gbé àwo tuntun, Cotonou Club, jáde ní 2011. Mélomé Clément fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó kú ní 2012. Iṣẹ́ ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Jámánì lè fọ ohùn àwo mọ́, kò lè sọ fún ọmọ Pọ́bẹ̀ ohun tí ìlù ń wí. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, a kò sì tíì ṣe é.

Ohun tó ń dùn wá jù nìyí. Lẹ́yìn ọjọ́ kíláàsì yẹn, a gbé ẹ̀rọ àti àwo lọ sọ́dọ̀ bàbá onílù kan ládùúgbò wa. A kúnlẹ̀ kí wọn, a sọ ohun tí a bá wá. Wọ́n gbọ́ ojú kìíní lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Nígbà kẹta, wọ́n na ìka, wọ́n ní kí a dá a dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Ìlù kọ́kọ́ júbà àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ baba ẹni tí akọrin ń yìn, orúkọ tí akọrin fúnra rẹ̀ kò dá rárá. Nígbà tí akọrin wá ń ka dúkìá ọkùnrin náà, òwe ni ìlù ń pa fún un, pé kí ó má gbàgbé ilé tí ó ti jáde. Ẹnu ń yìn, ìlù ń kìlọ̀. Àwa tí a ti ń gbọ́ àwo yẹn láti kékeré, tí a sì fi ń kọ́ ọmọ ènìyàn pé ìyìn olówó lásán ni, ìdajì iṣẹ́ náà ni a gbọ́ tí a fi dájọ́.

Ojú ìwé mẹ́rin ni a kọ kún lọ́jọ́ náà. Bàbá ní ó ti rẹ àwọn, kí a padà wá fún ojú kejì lẹ́yìn ọdún Iléyá. A kò tètè padà. Ìwé ìdánwò tí à ń yẹ̀ wò ni a fi ṣe àwáwí. Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, wọ́n ti sin wọ́n. Ojú kejì àwo náà ń dún kedere lórí ẹ̀rọ wa, ìró ìlù inú rẹ̀ pé pérépéré, kò sì sí nínú wa ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa nìyí. Ẹ̀rọ àtijọ́ dára, nítorí pé ó mú kí a jókòó, kí a sì gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Àwo àtijọ́ dára, nítorí pé ó pa iṣẹ́ mọ́ ní odindi. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe, tó kó àwo jọ, tí kò bi àgbà léèrè, páálí ni ó ń tọ́jú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn òbí yín ní ohun tó wà lábẹ́ aṣọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a máa gbé ẹ̀rọ kan àti àwo kan lọ bá onílù kan nílùú kọ̀ọ̀kan, ojú kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sì tẹ ohun tí ìlù sọ sínú ìwé ìròyìn yìí ní Yorùbá àti ní Faransé. Bí bàbá tàbí ìyá kan bá sì ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ó jẹ́ ọ̀la.