Ògbójú Ọdẹ Lójú Ìwé, Nínú Àwòrán àti Lórí Ìtàgé

Nígbà tí a ń máàkì ìwé ìdánwò àṣewò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìperu, a bá ìdáhùn kan pàdé tí ó mú wa dá kálàmù dúró. Orí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni ìbéèrè náà dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí to ìrìn àjò Àkàrà-ogun lẹ́sẹẹsẹ, kò sì ṣi orúkọ ẹ̀dá-ìtàn kankan pè. Àmọ́ ó kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún iwin ni ó ń gbé inú igbó náà. A fún un ní máàkì 14 nínú 20. Ìgbà tí a tún ìwé rẹ̀ kà ni a tó fura sí ibi tí ẹgbẹ̀rún náà ti wá. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí kà. Kò ṣí ti Yorùbá wò rárá.

Kò sí ìdí tí a fi lè bá a wí. Ìbéèrè tiwa ni ó gbà á láyè. A ní kí ó sọ bí Àkàrà-ogun ṣe bá Àgbákò jà, ó sì sọ ọ́.

Àwa olùkọ́ mọ ìtàn ìwé yìí dáadáa, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí rẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ ọ́ nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀. Ó jáde ní 1938. Ní 1955, òǹkọ̀wé náà gba ẹ̀bùn Margaret Wrong. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ọ̀nà mìíràn ti ń mú iṣẹ́ náà lọ sí ibi tí ó wù wọ́n.

Wọlé Ṣóyínká ni a ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí ìtumọ̀ tirẹ̀ tí ó jáde ní 1968 ni ó tàn jù. Àwọn kan nínú wa máa ń bú u nítorí ẹgbẹ̀rún yẹn. A kò bá wọn bú u. Irinwó ni àwọn àgbà ka irún inú irúnmalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó ka àwọn ẹbọra náà. Ohun tí ó kọjá kíkà ni a ń wí. Irinwó kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn létí ẹni tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ̀rún lè ṣe é. Ibi tí ọkàn wa kò ti balẹ̀ ni orúkọ Olóhùn-iyọ̀. Adùn ni Ṣóyínká fi túmọ̀ iyọ̀. Adùn dára, àmọ́ ọmọ tí a fi iyọ̀ tọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mọ̀ pé iyọ̀ ju adùn lọ. Kò sí ọgbọ́n tí atúmọ̀-èdè lè dá sí èyí. Olùkọ́ ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ ní kíláàsì.

Nípa ti àwòrán, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwọn tí ó wà nínú ìtumọ̀ 1968 náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wù wá púpọ̀. Síbẹ̀ a máa ń fi pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ná. A ó ka ibi tí Fágúnwà ti ṣàpèjúwe Àgbákò sókè, olójú mẹ́rìndínlógún yẹn, a ó wá ní kí olúkúlùkù yà á. Ọmọ kan to ojú náà yí orí ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Òmíràn fi gbogbo rẹ̀ síwájú, kò sì ku àyè fún imú. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì lórí ohun tí ìwé wí gan-an. Àwọn ọmọ tí ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ ni wọ́n ń sọ nílé, tí Yorùbá àjùmọ̀lò inú ìwé máa ń há lẹ́nu, ń bẹ̀ wá pé kí a tún un kà. Bí a bá ti kọ́kọ́ fi àwòrán hàn wọ́n ni, ta ni yóò bẹ̀ wá?

Eré oníṣe ni ó gba èrò púpọ̀ jù. Wálé Ògúnyẹmí kọ Langbodo lédè Gẹ̀ẹ́sì. Dàpọ̀ Adélùgbà ni olùdarí rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà gbé e kalẹ̀ níbi FESTAC ní 1977. Ìrìn àjò sí Òkè Lángbòdó ni Ògúnyẹmí yọ nínú ìwé, ó sì gbọ́n, torí níbẹ̀ ni àwọn ògbójú ọdẹ ti pọ̀ lójú kan, tí ìwà wọn lè forí gbárí. Ijó àti orin ṣe ohun tí ojú ìwé kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ènìyàn ni yóò gbé aṣọ iwin wọ̀, a ó sì rí i tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Fágúnwà kì í tán bẹ́ẹ̀. Yóò fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìtumọ̀ wọn fara jọra tẹ̀lé ara wọn, yóò wí, yóò tún un wí, títí ìwin náà yóò fi tóbi létí wa ju bí ojú ti lè gbà á lọ.

Ẹ wo bí ó ti gbé ìtàn náà kalẹ̀. Àgbàlagbà kan wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kí ó mú kálàmù àti ìwé. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ, àwọn aládùúgbò ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni. Àwọn kan kùn pé ìwàásù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, a kò sì lè jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwàásù náà gan-an, ohùn àgbà tí ó mọ̀ pé èrò ń gbọ́ òun ni.

Nítorí náà ni a ṣe yí ìbéèrè tiwa padà. Nínú ìdánwò àṣewò tí ó tẹ̀ lé e, a tẹ àyọkà kan láti inú ìwé Yorùbá, a ní kí wọ́n tọ́ka sí àwítúnwí inú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí yóò sọnù bí a bá yọ ọ́ kúrò. Máàkì wálẹ̀ gan-an. Àwọn òbí kan kò dunnú, a kò sì fi gbogbo ara dá wọn lẹ́bi. Ìṣòro tí ó kù wà lọ́wọ́ àwa olùdánwò: àwa méjì máàkì ìwé kan náà, ọ̀kan fún un ní 9, èkejì fún un ní 15. Bí a kò bá fẹnu kò lórí ìlànà ìmáàkì irú ìbéèrè yìí, inú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ wa nìkan ni yóò mọ, ìbéèrè “sọ ìtàn” yóò sì máa wà nínú ìdánwò àṣejáde.