Àìrí Kì í Ṣe Àìṣẹlẹ̀: Lámèyítọ́ Ìwákiri Nínú Àká Àkọsílẹ̀ Ogun àti Ààbò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí àwọn àká àkọsílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogun àti ààbò ti di ohun tí ènìyàn lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ń gbà kọ́ni bí a ṣe ń wá nǹkan nínú wọn. Wọ́n á ní kí olùwádìí fi àmì àyọlò há gbólóhùn tí ó ń wá mọ́ inú, kí ó fi AND so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, kí ó fi OR la ọ̀nà fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ ara wọn, kí ó sì fi NOT lé èyí tí kò fẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó wà nínú àká, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ nìkan ni ó kù tí olùwádìí yóò tẹ̀.

Èrò tí bébà yìí dúró lé yàtọ̀ sí èyí. Àká àkọsílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó kó o jọ, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé. Akójọ náà ní ohun tí ó kà sí ìṣẹ̀lẹ̀ àti ohun tí kò kà sí. Ó ní ibi tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ní ọjọ́ tí ó dáwọ́ dúró. Ojú tí lámèyítọ́ fi ń wo ìwé ni ó yẹ kí olùwákiri fi wo àká kí ó tó bi í ní ìbéèrè kankan. Àká mẹ́rin ni àyẹ̀wò náà dá lé: Global Terrorism Database (GTD) ti Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà, ACLED, Uppsala Conflict Data Program (UCDP) ti orílẹ̀-èdè Sweden, àti àkọsílẹ̀ kátàkárà ohun ìjà ti SIPRI ní Stockholm. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ tí yóò jẹ yọ.

Àṣìmọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Bí wọ́n bá ti dárúkọ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọkàn a máa lọ sí ọ̀rọ̀ àṣírí. Kò sí àṣírí nínú àká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ìwé ìròyìn, rédíò, ìjábọ̀ àwọn àjọ àti ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ohun tí akọ̀ròyìn kò gbọ́, àká kò lè gbọ́ ọ.

Ọdún tí ó sọnù

GTD bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970. Ẹni tí ó bá wá ọdún 1993 nínú rẹ̀ kò ní rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, ì báà ṣe ti Nàìjíríà, ì báà ṣe ti ibikíbi lágbàáyé. Bẹ́ẹ̀ ayé kò sinmi ní ọdún náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì 1993, àdó olóró bú ní World Trade Center ní New York, ènìyàn 6 sì kú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin já ọkọ̀ òfurufú Nigeria Airways tí ó ń ti Èkó lọ sí Àbújá gbà, ọkọ̀ náà sì balẹ̀ sí Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger. Movement for the Advancement of Democracy ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Ìbínú ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà tí ìjọba ológun fagi lé ni ó gbé wọn dé ibẹ̀.

Ohun tí ó fa àlàfo yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú òṣèlú rárá. Kí àkọsílẹ̀ náà tó dé ọwọ́ Yunifásítì Maryland, iléeṣẹ́ aládàáni tí ń jẹ́ Pinkerton ni ó ń kọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sórí káàdì, káàdì ti ọdún 1993 sì sọnù nígbà tí wọ́n ń kó láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Àwọn tí ó ni GTD kò fi èyí pamọ́. Ó wà nínú ìwé àlàyé wọn, wọ́n sì kọ àròpọ̀ iye ìṣẹ̀lẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fún ọdún náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ń ka ìwé àlàyé? Ẹni tí ó bá tẹ Nàìjíríà àti 1993, òfo ni yóò rí, òfo náà kò sì yàtọ̀ lójú sí òfo ọdún tí ìlú tòrò minimini.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú nìyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń kọ ìwé lórí ìdàrúdàpọ̀ òṣèlú Nàìjíríà láàárín 1990 sí 1999, tí ó sì fi GTD ya àwòrán iye ìṣẹ̀lẹ̀, ìlà rẹ̀ yóò já wálẹ̀ pátápátá ní ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò gan-an. Kò ní ṣòro fún un láti kọ ọ́ pé ìpinnu ìjọba kò mú ìwà ipá wá. Káàdì tí ó sọnù ní Amẹ́ríkà yóò ti di ẹ̀rí lórí ìtàn June 12.

Ohun tí a kà sí ìṣẹ̀lẹ̀

Àlàfo 1993 jẹ́ àgbákò. Àlàfo mìíràn wà tí ó jẹ́ ìpinnu, èyí sì ṣòro láti rí ju ti ìṣáájú lọ. Ìlànà GTD ni pé ẹni tí ó hu ìwà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ìbọn tí àwọn ọmọ ogun yìn ní too-geètì Lẹkki ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ẹ̀hónú hàn lórí SARS, kò ní ààyè nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó. ACLED, tí ó ń kọ ìwọ́de àti ọwọ́ líle tí ìjọba fi mú un, ni ó yẹ kí á bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

UCDP ní tirẹ̀ ń ka òkú. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ènìyàn kan ó kéré tan kò bá ti kú kò wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n jí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà gbé ní Lagos State Model College, Igbonla, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù Keje ni wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà wálé láàyè. Ayọ̀ ni èyí fún àwọn òbí wọn, ṣùgbọ́n òun náà ni ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn má bá òṣùwọ̀n UCDP mu. Ìlànà náà kì í ṣe ìwà ìkà: iye òkú ṣeé fi wéra láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹ̀rù kò ṣeé kà. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá lọ wá ìjínigbé nínú ìwé òkú, tí ó sì sọ pé ìjínigbé kò pọ̀.

Orúkọ àti olórúkọ

Orúkọ ni àwọn olùwákiri sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, orúkọ ni ó sì ń ṣini lọ́nà jù. Boko Haram jẹ́ orúkọ tí àwọn ará ìta sọ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ náà ní orúkọ Lárúbáwá tí ó gùn tí ó ń pe ara rẹ̀. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti pín sí méjì, ẹni tí kò bá wá ISWAP mọ́ ọn, ìdajì ìtàn ni yóò kó wálé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀wọ̀ fi èyí hàn dáadáa. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní ìlú náà, wọ́n sì pa ogójì ènìyàn ó kéré tan. Ní ọjọ́ náà, agbébọn tí a kò mọ̀ ni ìròyìn pè wọ́n. Ní ọjọ́ 9 oṣù kan náà, ìjọba àpapọ̀ ní ISWAP ni àwọn fura sí. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ 2025, tí wọ́n gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Àbújá, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé ọmọ ẹgbẹ́ Al-Shabaab ni wọ́n. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, orúkọ mẹ́ta, ó sì wà lọ́wọ́ ọjọ́ tí akójọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá bá ti orúkọ wọlé lè gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà kọjá láìmọ̀.

Orúkọ ìlú náà tún ní ìyọnu tirẹ̀. Lójú ẹ̀rọ tí kò mọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, Ọ̀wọ̀, ọwọ́, owó, òwò àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá sì kọ ọ́ bí ó ti tọ́ nínú àkọtọ́ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a lóhùn pé kò sí.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi kọ̀ǹpútà wé Ifá nítorí odù 256. Àfiwé náà kò dúró dáadáa. Ẹni tí ó lọ dífá kì í sọ ohun tí ó bá lọ. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Àká kì í ki ohun tí wọn kò bi í. Síbẹ̀, olùwákiri lè fi agbára mú un ki ẹsẹ: kí ó fi ọjọ́ àti ibi nìkan sé e, kí ó fa ọjọ́ náà gùn ní ìwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ó sì fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí ó bá jáde kí ó tó kan orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó dára jù nìyẹn.

Ó ku ohun tí orúkọ ń ṣe sí àwọn tí a fi pè. Nínú ACLED, orúkọ kan wà tí ń jẹ́ Fulani Ethnic Militia. Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé wọ́n fura sí darandaran, ìfura náà lè dé inú àká, kí ó sì jókòó nínú òpó kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ó ní olórí àti àsíá. Ẹni tí ó bá kó ogún irú rẹ̀ jọ yóò rò pé òun ti rí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan. Ó di dandan kí á ṣí àlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí á wo ẹni tí ó sọ ọ́.

Iye àti ibi

Iye òkú inú ACLED gba ìṣọ́ra pẹ̀lú. Bí ìròyìn bá ní ọ̀pọ̀ ènìyàn kú láìsọ iye, ìlànà wọn ni láti fi 10 tàbí 3 dípò rẹ̀. Bí ìròyìn kò bá dárúkọ ju ìpínlẹ̀ lọ, wọ́n lè kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí olú-ìlú ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi hàn pé ibi náà kò dáni lójú. Ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà yìí lè ka ìṣẹ̀lẹ̀ inú igbó mọ́ Àkúrẹ́ lọ́rùn. Wọ́n tún máa ń padà ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n ti kọ, nítorí náà iye tí kò bá ní ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣeé yẹ̀ wò.

Ní ti SIPRI, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Láti 1950 ni ó ti ń kọ ohun ìjà ńláńlá tí orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn. Iye tí ó ń pè ní TIV kì í ṣe dọ́là. Ìwọ̀n agbára ohun ìjà ni, ẹni tí ó bá sì fi í wé owó ìsúná Nàìjíríà ti ṣì í lò. Ẹni tí ó bá wá ọdún 2021 yóò rí ọkọ̀ òfurufú A-29 Super Tucano 12 tí ó dé láti Amẹ́ríkà. Ìbọn AK-47 kò sí níbẹ̀, nítorí ìbọn kéékèèké kò sí nínú ohun tí ó ń kọ. Àkọsílẹ̀ ohun ìjà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń gba ìròyìn lórí ìbọn kéékèèké, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá wù ni ó ń fi ránṣẹ́, kò sì sí ìjọba tí ń kọ ìbọn tí wọ́n gbé gba inú igbó wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìbọn tí wọ́n gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ti wá, àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní Àbújá ni kí ó lọ dúró dè.